Ogún Hóró Oògùn Nínú Agolo Bọ́tìnì

Abẹ́rẹ́ olórí mẹ́ta ló wà láàárín ètè Tún-un-wọ̀n lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà kọ́kọ́ fojú hàn. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Aránṣọ tó bá ń gún aṣọ mọ́ oníbàárà lára gbọ́dọ̀ fi ètè mú abẹ́rẹ́, nítorí ọwọ́ méjì kì í tó aránṣọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà, abẹ́rẹ́ kankan ò já bọ́ rí. Àfi lọ́jọ́ náà, níbi tó ti ń tún kóòtù ọ̀gá ilé-ìwé kan ṣe, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, tí ètè Tún-un-wọ̀n dédé ṣí fúnra rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kan sì gba ẹ̀yìn ọrùn obìnrin náà wọnú kóòtù lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé fò sókè. "Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wá ń gbà níbí ni, àbí aṣọ ni wọ́n ń rán?"

Ọ̀gá aránṣọ, tó wà nídìí ẹ̀rọ, rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tiwa wá kó o bá ọrùn oníbàárà."

Tún-un-wọ̀n náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń já. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn. Kò sí aṣọ tó fẹ́ gé tí kò ní wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, bí o bá sì sọ fún un pé ó ti tó, á ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ju abẹ́rẹ́ nù. Ó mọ̀ pé òun kọ́ lòun ṣí ètè òun.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ kò sinmi mọ́. Á máa jẹun nígbà tí kò sí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ahọ́n á yọ díẹ̀, á padà wọlé. Ètè á súnkì, á tú ká. Nígbà tí ọ̀gá bi í pé kí ló ń jẹ látàárọ̀, ó ní ṣingọ́ọ̀mù ni. Lọ́jọ́ kejì ó lọ ra ṣingọ́ọ̀mù kí irọ́ náà lè di òótọ́. Èyí gbè é fún nǹkan bí oṣù méjì, títí oníbàárà kan fi pariwo pé, "Ọ̀gá, obìnrin aránṣọ yín yìí ń fẹnu sín mi jẹ! Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń yí ẹnu tẹ̀lé mi." Ọ̀gá bẹ oníbàárà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pe Tún-un-wọ̀n sí kọ̀rọ̀, ó ní kó ṣì máa bá òun rán bọ́tìnì ní yàrá ẹ̀yìn ná.

Bọ́tìnì! Ẹni tó ń gé kóòtù, tí àwọn oníbàárà ń béèrè lórúkọ, ló wá jókòó sí yàrá tí kò ní fèrèsé, tó ń rán bọ́tìnì funfun mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé. Ó dùn ún wọra. Ó sì ń bẹ̀rù pé láti bọ́tìnì, ilé ló kàn.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí kò fi lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún, orí rẹ̀ dàrú. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́: àìsàn ọpọlọ ni. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn tí kò sí níbẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n sì ń bá a jà tọ̀sán-tòru. Lọ́jọ́ kan ó jáde nílé láìwọ bàtà. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó rí i lábẹ́ bẹ́ǹṣì kan ní ibùdókọ̀, tí ètè rẹ̀ ń lọ, tó ń dá àwọn ohùn náà lóhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn, oògùn náà sì gbé e dìde. Láàárín ọdún kan àwọn ohùn náà dákẹ́. Ó kọ́ṣẹ́, ó yege, ó ń jẹ lágbára ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètè tó ń lọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ń lu òǹtẹ̀ sórí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, bó sì ṣe ń lu òǹtẹ̀ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀ náà ló ṣe ń ṣọ́ oògùn àbúrò rẹ̀. Ní aago méje àárọ̀, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á já hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́ Tún-un-wọ̀n, á gbé omi fún un, á sì dúró tì í.

"La ẹnu."

Tún-un-wọ̀n á la ẹnu.

"Gbé ahọ́n sókè. Ó dáa, ó ti wọlé. Wá mu tíì."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, bóòjò rọ̀ bóòrùn ràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Tún-un-wọ̀n jókòó síwájú dígí pálọ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe ẹnu òun gan-an. Ó rí i pé bí òun bá tẹjú mọ́ ọn tí òun sì ní kó dúró, á dúró. Bí ọkàn òun bá ti lọ síbòmíràn, á tún bẹ̀rẹ̀. Ló bá ń ka nọ́ńbà láti ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ kó lè rí i dáadáa: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ètè ń ka nọ́ńbà, ètè tún ń ṣe tara rẹ̀. Ó rántí pé òun ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan nínú ìlà àwọn aláìsàn pé oògùn yìí máa ń ba ara jẹ́ bó bá pẹ́ lára. Ó wá dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́: oògùn ni, oògùn náà lòun máa fi sílẹ̀. Bí ẹnu bá dákẹ́, òun á padà sídìí tábìlì ìgéṣọ òun.

Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó gbé abọ́ aṣọ tútù dání. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rí ni àbúrò rẹ̀ níwájú dígí, láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí, tí ètè rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó fẹ̀yìn rìn padà, ó gbé abọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì di ògiri mú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Wọ́n ti padà dé. Oògùn yẹn ò ká wọn mọ́."

Ká ní ọ̀kan nínú wọn béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá méjì yìí, ìfẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ti rí irú wọn rí: àwọn tí wọ́n máa ń pọ́n ara wọn lójú nítorí pé wọn ò fẹ́ dun ara wọn.

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Tún-un-wọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé hóró oògùn sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì. Gbogbo ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wo ẹnu rẹ̀, abẹ́ ahọ́n nìkan ló ń wò, kò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rí. Bó bá ti ní "ó ti wọlé," àbúrò á sáré wọ ilé ìwẹ̀, á tu ú jáde, á fọ̀ ọ́, á fi tíṣù wé e. Ó ń kó wọn pa mọ́ sínú agolo bọ́tìnì kan nínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn á wá jókòó mu tíì rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé tíì náà ń dùn jù, ṣùgbọ́n ó rò pé ọjọ́ orí ló mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun wúwo nídìí ṣúgà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tó ń dùn mọ́ ọn nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Orí rẹ̀ pé. Kò gbọ́ ohùn kankan. Ó ń sùn, ó ń jí, ó ń mọ orúkọ gbogbo oníbàárà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òun ti bọ́, bóyá ó ti pẹ́ tí òun ti bọ́ tí kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé nígbà tí ẹ̀gbọ́n sọ lójijì pé àwọn ní láti lọ rí dókítà kí ọjọ́ tó pé, nítorí pé oògùn ti tán nínú ìgò.

Yàrá dókítà kéré. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn aláìsàn sí. Dókítà náà, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ṣí ìwé, ó sì yẹ ọjọ́ wò.

"Àádọ́rùn-ún hóró ni mo fún yín. Ó yẹ kó ṣì ku mọ́kànlélógún. Ta ló jẹ wọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n ló dáhùn. "Òun náà ló jẹ wọ́n, dókítà. Èmi ni mo fún un. Mo ń lọ ẹyọ kan sí i láràárọ̀, mo ń dà á sínú tíì rẹ̀."

Tún-un-wọ̀n yíjú sí i. Ẹnu tó ti ń jẹun lásán láti oṣù márùn-ún dúró jẹ́ẹ́. "Àǹtí mi. Inú tíì tèmi?"

"Inú tíì tìẹ ni. Ṣebí o ń rí ṣúgà tí mò ń kó sí i."

"Ọjọ́ ogbó ni mo pè é!"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ti àwọn wọ̀nyí ò tó ogún ọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Nítorí Tún-un-wọ̀n náà ti ṣí báàgì rẹ̀, ó ti yọ agolo, ó sì dà á sórí tábìlì dókítà. Ó ti pinnu láti ilé pé òun máa fi han dókítà, kó lè rí i pé òun kì í ṣe aláìsàn mọ́. Àwọn hóró oògùn funfun dà mọ́ bọ́tìnì funfun, dókítà wá ń fi ẹ̀yìn bírò yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà á di mọ́kànlélógún. Ó gbé èyí tó kẹ́yìn súnmọ́ ojú. Ó ní ihò mẹ́rin.

"Ogún ni," ni dókítà wí.

"Ọ̀kan bọ́ sínú ihò sínkì," ni Tún-un-wọ̀n fi kún un. "Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò lo oògùn kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí mi ò sì..."

Kò parí rẹ̀. Aránṣọ ni, ìṣirò kì í pẹ́ yé e. Ọ̀kan ń jáde nílé ìwẹ̀, ọ̀kan ń wọlé nídìí tábìlì tíì. Kò sí ọjọ́ kan tí kò lo oògùn. Orí tó fi ń yangàn, oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló di í mú. Ó gbé ọwọ́ bojú, ó sì sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, nítorí ẹni tó rò pé òun ti dà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Dókítà, ẹ ṣàánú wa. Àwọn ohùn yẹn ti padà dé. Mo fojú ara mi rí i, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú dígí."

Tún-un-wọ̀n gbójú sókè nínú omijé. "Ohùn wo? Àǹtí mi, láti ọdún mélòó ni wọn ò ti kí mi mọ́! Nọ́ńbà ni mò ń kà. Ẹnu mi ni mò ń wò."

"Nọ́ńbà?"

"Láti ọgọ́rùn-ún wálẹ̀."

Dókítà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ti ẹnu bọ ìwé, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu òun náà láàárín ẹkún. Tún-un-wọ̀n ló rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín rárá.

Nígbà tí ọkàn wọn rọlẹ̀, dókítà gbé àga rẹ̀ wá síwájú Tún-un-wọ̀n. Ó ní kó bọ́ bàtà, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó ní kó la ẹnu, kó yọ ahọ́n, kó fi àtàǹpàkò kan àwọn ìka yòókù níkọ̀ọ̀kan, kó dìde, kó rìn dé ẹnu ọ̀nà kó padà. Ó ń wò ó bí aránṣọ ṣe ń wo aṣọ tó fẹ́ gé. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́. Àìsàn ò padà. Oògùn ló ń ṣe èyí. Bí ó bá pẹ́ lára àwọn ènìyàn kan, ó máa ń mú kí ẹnu tàbí ahọ́n tàbí ọwọ́ máa lọ fúnra wọn. Ó yẹ ká máa yẹ̀ yín wò fún un lóòrèkóòrè. Mo wo ìwé yín, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kí ẹ yọ ahọ́n. Ẹ̀bi wa nìyẹn. Ẹ má bínú."

Tún-un-wọ̀n ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká dá a dúró."

"Bí a bá dá a dúró lójijì, ẹnu yẹn lè le sí i, orí náà sì lè tún dàrú. Ẹ ti rí i fúnra yín pé oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ la máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí kì í sábà fa irú èyí. A ó sì fi ọ̀kan kún un tó máa ń mú kí ẹnu rọ̀. Ẹ máa wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì."

"Ṣé ó máa lọ tán?"

"Mi ò ní parọ́ fún yín. Ó lè dín kù gan-an. Ó lè má lọ tán."

Dókítà kọ ìwé oògùn. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti jáde láti gbà á, bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n dókítà na ìwé náà kọjá ọwọ́ yẹn, ó sì fi lé Tún-un-wọ̀n lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ká ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ń fi tún ẹnu báàgì rẹ̀ tò.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé, ẹ̀gbọ́n ní, "Ó dáa, kó wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù bá bà mí ńkọ́?"

"Ẹ béèrè. Ẹ bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, màá sì dá yín lóhùn. Ẹ ṣáà má fi í sínú tíì mi mọ́."

"Ìwọ náà má kó o sínú bọ́tìnì mọ́. Ká ní o fi rán ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ olọ́mọ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì Tún-un-wọ̀n dúró níwájú ọ̀gá aránṣọ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ gbogbo rẹ̀: àìsàn, oògùn, ẹnu, ṣingọ́ọ̀mù. Ọ̀gá fi téèpù ìwọ̀n kọ́rùn, ó ń gbọ́.

"Ọdún mọ́kànlá tí o ti ń bá mi gé aṣọ," ló wí níkẹyìn, "mélòó lo gé bàjẹ́?"

"Ọ̀kan, sà."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú yẹn."

"Irọ́ ni. Ikùn mi ló tóbi lẹ́yìn tí o wọ̀n mí. Ṣé ọwọ́ rẹ náà ń lọ fúnra rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ẹnu la fi ń gé aṣọ níbí? Padà sídìí tábìlì rẹ." Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa àjákù fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa kan yọ, ó sì rán tìmùtìmù kékeré kan tó ń di mọ́ ọrùn ọwọ́, ibi tí wọ́n lè máa gún abẹ́rẹ́ sí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń wọ irú rẹ̀. Ọ̀gá ní òun fẹ́ràn kí àwọn òṣìṣẹ́ òun máa sọ̀rọ̀ láìgbé irin jẹ.

Kò rọrùn. Oògùn tuntun kọ́kọ́ ń kùn ún lóorun, ó tún sọ ọ́ di òǹjẹun. Oníbàárà méjì lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n Tún-un-wọ̀n kọ́ láti máa sọ ọ́ kí wọ́n tó bi í: "Ẹnu mi máa ń lọ fúnra rẹ̀, oògùn ló fà á, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń sín jẹ." Ọ̀pọ̀ á ní "ẹ pẹ̀lẹ́," wọn á sì na apá fún un kó wọ̀n ọ́n. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ẹnu náà ti dín kù ju ìlàjì lọ. Ahọ́n kì í yọ mọ́. Ètè ṣì máa ń súnkì nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà pé ó lè máa bá òun gbé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ó jí, ilé dákẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́ ti wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n jọ rìn yí adágún omi ká, ó sì ti bá wọn jáde ní aago mẹ́fà. Tún-un-wọ̀n dúró ní ilé ìdáná nìkan. Aago méje lù. Ó bu omi, ó já oògùn rẹ̀ sí ọwọ́, ó gbé e mì. Kò sẹ́ni tó rí i.

Aago mẹ́wàá ti kọjá kí ẹ̀gbọ́n tó wọlé, tí ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Ó ní obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń rìn bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ní ìgbà ìkẹyìn nìyẹn, ó tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ aago mẹ́fà ààbọ̀ làwọn máa bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti adágún, ó sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó, ó sọ ti ẹni tó ṣubú. Tún-un-wọ̀n jókòó tì í, ó ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń retí ìbéèrè náà, pé ṣé òun ti lo oògùn, láti ìgbà tó ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga. Kò sùn lọ́sàn-án rí láti ọjọ́ ibùdókọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó sùn báyìí, ó ń hanrun díẹ̀díẹ̀. Tún-un-wọ̀n bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sùn lọ, kò sì béèrè nǹkan kan.